Bí kọ́kọ́rọ́ àti ìwé ẹ̀rí ṣe ń gbé pọ̀ lórí 389 Directory Server

Sáfà tó ń tọ́jú orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù gbogbo òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Lórí 389 Directory Server, ètò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pọ́ọ̀tì 636 ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé ní bíbò láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí pọ́ọ̀tì yìí tó lè ṣiṣẹ́, sáfà gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àdáni tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí, àti ìwé ẹ̀rí tí gbogbo ayé lè rí.

Inú /etc/dirsrv, nínú fódà tí orúkọ rẹ̀ fi slapd- bẹ̀rẹ̀, ni méjèèjì wà. Cert9.db ló gba ìwé ẹ̀rí, key4.db ló gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn sáfà àtijọ́ ń lo cert8.db àti key3.db.

Kọ́kọ́rọ́ ló máa ń ṣáájú ìwé ẹ̀rí. Bí alábòójútó bá pàṣẹ certutil -R (certutil ni irinṣẹ́ tí a fi ń ṣètò àwọn dátábéèsì yìí), inú key4.db ni a ti máa ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìwé ìbéèrè nìkan ló ń lọ síta, òun ló sì gbé kọ́kọ́rọ́ ìta (èkejì kọ́kọ́rọ́ àdáni, tí gbogbo ayé lè rí) àti orúkọ sáfà dání lọ bá CA, aláṣẹ tó ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Bí ìwé ẹ̀rí bá dé, certutil -A ni a fi ń kó o sínú cert9.db. Ní gbogbo àsìkò yìí, kọ́kọ́rọ́ àdáni kò kúrò nílé. Bí ẹnì kan bá wá ṣẹ̀dá dátábéèsì tuntun kí ìwé ẹ̀rí tó dé, tí kò sì tọ́jú ti tẹ́lẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà kò wúlò mọ́. Àfi kó tún ìbéèrè ṣe.

Ibi tí èyí ti máa ń hàn kedere ni certutil -L. Iwájú Server-Cert, ó yẹ kí u,u,u wà. Kì í ṣe alábòójútó ló ń kọ u yìí. NSS, àkójọ ètò ààbò tó ń tọ́jú àwọn dátábéèsì yìí, fúnra rẹ̀ ló ń fi í síbẹ̀ bó bá rí kọ́kọ́rọ́ tó bá ìwé ẹ̀rí náà mu. Bó bá jẹ́ àmì ìdánudúró méjì lásán (,,) ló wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú lórí ètò mìíràn. Iwájú CA, CT,, ni a máa ń rí. C ní kí a gba ìwé ẹ̀rí sáfà tí CA náà fọwọ́ sí, T ní kí a gba ti oníbàárà. Láìsí C, sáfà kan kò ní gbà pé sáfà kejì tó fẹ́ fi ẹ̀dà dátà ránṣẹ́ sí ṣeé fọkàn tán.

Pásíwọ́ọ̀dù ló ń dáàbò bo key4.db. Kí sáfà má baà máa béèrè rẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, a máa ń kọ ọ́ sínú pin.txt, lẹ́yìn “Internal (Software) Token:”. Ẹni tó bá lè ka fáìlì méjèèjì ti ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́, bó ti wù kí pásíwọ́ọ̀dù náà gùn tó. Nítorí náà, àṣẹ 400 (ẹni tó ni fáìlì nìkan ló lè kà á) lórí pin.txt, lábẹ́ aṣàmúlò dirsrv, ṣe pàtàkì gan-an. Bí a bá ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ jẹ́ kí fáìlì wọ̀nyí lọ pọ̀, tàbí kí a fi pk12util kó ìwé ẹ̀rí àti kọ́kọ́rọ́ sínú fáìlì .p12 kan ṣoṣo.

Ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ ikú. Certutil -L -n Server-Cert ń fi ọjọ́ náà hàn níwájú Not After. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 títí di oṣù kẹta ọdún 2026, àwọn CA gbogbogbòò kò gbọdọ̀ fúnni ní ju ọjọ́ 398 lọ; iye náà ti dín kù láti ìgbà náà, a sì ti fẹnu kò pé yóò di ọjọ́ 47 ní 2029. Bí a bá ti kó tuntun wọlé, a máa ń tún sáfà bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà tó bá ń dìde ló ń ka cert9.db.