Ìlú àtijọ́ Kánò àti bí a ṣe lè bẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú owó kékeré

Ìlú àtijọ́ Kánò, tí àwọn Haúsá ń pè ní Birni, ni apá Kánò tí odi amọ̀ yí ká. Àwọn aláró, alágbẹ̀dẹ àti oníṣẹ́ awọ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní gbangba. Nítorí náà, àlejò tí kò ní ju owó kẹ̀kẹ́ àti owó oúnjẹ lọ́wọ́ lè rí púpọ̀ nínú ohun tó sọ ìlú náà di olókìkí.

Ìtàn

Ìtàn sọ pé láàárín ọ̀rúndún 11 sí 12 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi náà. Muhammad Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499, ló kọ́ ààfin tí a mọ̀ sí Gidan Rumfa. Òun náà ni wọ́n ní ó dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Òyìnbó gba ìlú náà ní 1903. Ọ̀pọ̀ ibi lára odi ti wó. Àdúgbò Ayagi, láàárín odi, ni àwọn Yorùbá Mùsùlùmí kan tẹ̀dó sí kí òyìnbó tó dé. Sabon Gari, tó wà lẹ́yìn odi, ni ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún àwọn ará gúúsù lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kánò ní 1911.

Kòtò aró Kofar Mata

Kofar Mata jẹ́ ọ̀kan lára ẹnubodè odi náà. Ọdún 1498 ni àwọn aláró ibẹ̀ ń dárúkọ fún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Kòtò náà lé ní ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọn kò lò mọ́. Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì tó dé Kánò ní 1851, kọ̀wé nípa aṣọ aláró tí wọ́n ń kó láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ẹni tó mọ ilé aláró ní Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo yóò rí ìyàtọ̀ kíákíá. Níbẹ̀, obìnrin ló ń pa aṣọ láró nínú ìkòkò. Ní Kánò, ọkùnrin ni, inú kòtò tó jìn sì ni. Èlú wọn náà kì í ṣe èlú tó ń fà mọ́ igi bíi ti ilẹ̀ Yorùbá. Ewéko kúkúrú ni, Indigofera.

Omi, eérú igi, kán-ún àti èlú gbígbẹ ni wọ́n ń kó sínú kòtò. Wọ́n á fi igi gígùn rò ó, wọ́n á sì jẹ́ kó kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí eérú àti kán-ún bá kéré, aró kò ní tú nínú omi. Bí kò bá tíì kan dáadáa, àwọ̀ kò ní mú aṣọ. Òjò tó bá wọ inú kòtò máa ń là á lómi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé e lórí. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń rí bí ewé tútù, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di aró. Bí wọ́n bá ṣe ń rì í léraléra tó ni yóò ṣe dúdú tó. Ẹni tó mọ àdìrẹ oníko àti alábẹ́rẹ́ yóò dá ọ̀pọ̀ ọnà dídì àti rírán wọn mọ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn ọkùnrin á fi òòlù igi lu aṣọ lórí ìtì igi títí yóò fi máa dán. Ó yẹ kí olùrajà mọ̀ pé omi máa ń pa dídán yìí. Aró tó ń ràn mọ́ ọwọ́ kì í ṣe àléébù. Kí a kàn dá aṣọ náà fọ̀ nínú omi tútù nígbà àkọ́kọ́.

Ọ̀nà tó dín owó kù jù ni pé kí a mú aṣọ funfun tiwa lọ, kí a sì san owó aró nìkan. Òwú pọ́ńbélé ni kó jẹ́, nítorí èlú kì í mú pọliẹ́sítà. Kí a ti dá iye lé e, títí kan owó ẹni tó ń mú wa káàkiri àti owó fọ́tò, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. "Nawa ne?" ni a fi ń béèrè iye. Bí ontàjà bá dáhùn pé "albarka" sí iye tí a pè, kò gbà á nìyẹn. Kí a fi díẹ̀ kún un.

Ìrìn, ibùsùn àti oúnjẹ

Ìjọba fòfin de ọ̀kadà akérò ní 2013; kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta, Adaidaita Sahu, ló gbòde. Kí a ná an kí a tó wọlé. Sabon Gari ni ọ̀pọ̀ ará gúúsù ń sùn sí. Ooru mú gan-an láàárín Máàsì sí Mée. Nòfẹ́ńbà sí Fẹ́búárì ló rọrùn jù, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń fa eruku. Ní ọ̀sán Jímọ̀, iṣẹ́ máa ń dúró fún ìrun. Kí obìnrin fi gèlè tàbí ìborùn bo orí.

Koko (ògì) àti kosai (àkàrà) ni oúnjẹ àárọ̀ tó wọ́pọ̀, tuwo shinkafa (òkèlè ìrẹsì) pẹ̀lú miyan kuka (ọbẹ̀ ewé osè) sì ni ti ọ̀sán. Kí ẹni tí inú rẹ̀ kò gba wàrà tí a kò sè yẹra fún fura da nono, ìyẹn jéró tí a pò mọ́ wàrà kíkan.

Ibòmíràn

Láti Kofar Mata, a lè fẹsẹ̀ rìn dé ààfin àti Gidan Makama, ilé amọ̀ tó ti di mùsíọ́mù. Ọjà Kurmi dára fún iṣẹ́ awọ, ọ̀nà ibẹ̀ há. Òkè Dala ní àtẹ̀gùn. Òwúrọ̀ ni kí a gùn ún, nítorí kò sí ibòji lórí rẹ̀.