Ẹ̀dà àpamọ́ dátà ní ilé-iṣẹ́

Ẹ̀dà àpamọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà sábà máa ń pè ní bákọ́ọ̀pù, ni àdàkọ dátà tí ilé-iṣẹ́ tọ́jú síbi tó yàtọ̀ sí ibi tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti ń lọ, kí ó lè rí i dá padà bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù tàbí bàjẹ́. Iná, omi àti dírááfù tó kú ni ewu tí wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ ṣe é. Nígbà tó yá ni ransomware, ìyẹn ètò tó ń ti fáìlì pa kí àwọn ọ̀daràn lè gba owó ìtúsílẹ̀, bọ́ sí iwájú, ó sì yí ọ̀nà ìṣètò rẹ̀ padà: iná kì í wá ibi tí ẹ̀dà wà kiri, ọ̀daràn a máa wá a.

== Ohun tí wọ́n ń ṣì pè ní ẹ̀dà àpamọ́ ==

RAID, ìyẹn títo dírááfù pọ̀ kí ọ̀kan lè dúró fún èkejì, ń gba ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ dírááfù tó kú nìkan. Fáìlì tí òṣìṣẹ́ bá ṣèèṣì pa rẹ́ ti pa rẹ́ lórí gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni OneDrive àti Google Drive, tó ń gbé fáìlì láptọ́ọ̀pù sórí íntánẹ́ẹ̀tì: bí ransomware bá ti fáìlì pa lórí láptọ́ọ̀pù, èyí tó bàjẹ́ náà ni yóò gòkè lọ rọ́pò èyí tó dára. Wọ́n máa ń tọ́jú ẹ̀yà àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀, èyí sì ti yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba àkáǹtì alábòójútó lè pa àwọn yẹn náà rẹ́. Ní ti Volume Shadow Copy, àdàkọ fáìlì tí Windows ń ṣe fúnra rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan náà, àṣẹ «vssadmin delete shadows» tó ń pa á rẹ́ wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ransomware ń ṣe kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí.

Èyí tó ń tan àwọn onímọ̀ pàápàá jẹ ni àwọn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù, tó ń ṣe àdàkọ ara wọn.

== NotPetya àti sáfà tó wà ní Gánà ==

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2017, NotPetya, ètò apanirun kan, gba inú ìmúdójúìwọ̀n M.E.Doc, sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí wọ́n ń lò ní Ukraine, wọ kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò níbẹ̀. Ó béèrè owó bíi ransomware, ṣùgbọ́n kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí ohun tó tì. Tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, ó ń jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé alábòójútó nínú mẹ́mórì, ó sì ń fi í wọ àwọn yòókù. Ó tún ń lo EternalBlue, ọgbọ́n tó ń gba àlàfo kan wọlé nínú SMB, ọ̀nà tí Windows fi ń pín fáìlì, àlàfo tí Microsoft ti fi ìmúdójúìwọ̀n MS17-010 dí láti oṣù Kẹta ọdún náà. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dí àlàfo rẹ̀ náà fi ṣubú: ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó tọ̀nà ni ó fi wọlé. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà kéde pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ológun Rọ́ṣíà ni.

Maersk, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Dẹ́ńmáàkì tó ni APM Terminals tó ń bójú tó èbúté ní Àpápá, wà lára àwọn tó fara gbá a jù. Kì í ṣe pé kò ní ẹ̀dà. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Wired ti ọdún 2018, ẹ̀dà ọ̀pọ̀ jù lọ nínú sáfà rẹ̀ wà nílẹ̀, láti ọjọ́ mẹ́ta sí méje ṣáájú. Èyí tí kò ní ni ti domain controller, sáfà tó mọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ibi tó láṣẹ láti dé. Nǹkan bí 150 ni wọ́n, wọ́n ń ṣe àdàkọ ara wọn, èrò sì ni pé bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á dúró. Gbogbo wọn ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ọ̀kan tó wà ní Gánà, tí iná ọba ti lọ níbẹ̀ kí NotPetya tó dé.

Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò yá tó láti fi gbé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún gígábáìtì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe, àwọn òṣìṣẹ́ Gánà kò sì ní físà. Ọ̀kan nínú wọn wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fi dírááfù náà lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ló gbé e dé Heathrow. Sáfà 4,000 àti kọ̀ǹpútà 45,000 ni Maersk sọ pé òun tún tò láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ó fojú bu àdánù rẹ̀ sí 250 sí 300 mílíọ̀nù dọ́là. Oríire ni wọ́n sábà máa ń pe ọ̀rọ̀ Gánà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àìsí iná ṣe níbẹ̀ ni ó yẹ kí ètò ilé-iṣẹ́ ti ṣe: ó gé ẹ̀dà kan kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

== Ìlànà 3-2-1 ==

Ayàwòrán Peter Krogh ló sọ ìlànà yìí di mímọ̀. Ẹ̀dà mẹ́ta ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wà lára rẹ̀. Kí wọ́n wà lórí irú ohun èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà níta ọgbà. Nígbà tí ilé dátà OVHcloud jóná ní Strasbourg ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn oníbàárà tí ẹ̀dà wọn wà nínú ọgbà kan náà pàdánù méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan fi 1 àti 0 kún un: ẹ̀dà kan tí kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí tí kò ṣeé yí padà, àti àìsí àṣìṣe kankan nígbà ìdánwò.

Téèpù LTO-9 kan ń gba 18 téràbáìtì, kò sì sí ọ̀daràn tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ti yọ ọ́. Ọ́fíìsì kékeré lè lo dírááfù USB méjì ní pàṣípààrọ̀, kí ọ̀kan wà lára sáfà, kí èkejì wà nínú ilé mìíràn. Ohun tó sábà máa ń ba èyí jẹ́ ni pé wọ́n á gbàgbé méjèèjì sára sáfà. Lórí àwọ̀sánmà, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Object Lock, àgádágodo fáìlì ti Amazon S3, ní ipò compliance kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa fáìlì rẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ ọdún 10 dípò ọjọ́ 10 yóò máa sanwó rẹ̀ lọ.

Sáfà tó ń ṣe ẹ̀dà kò gbọ́dọ̀ sí lábẹ́ domain ilé-iṣẹ́, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí àwọn domain controller ń ṣàkóso. Kí ó ní àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó bá gba domain ti gba ẹ̀dà náà.

== Active Directory ==

Active Directory ni àkójọ orúkọ òṣìṣẹ́ àti àṣẹ wọn tí domain controller ń tọ́jú. System State, ìyẹn ètò àti dátà pàtàkì sáfà náà, ni wọ́n ń pamọ́ níbi, ó sì dára kí ó jẹ́ láti orí domain controller méjì ó kéré tán. Ẹ̀dà tó bá ti pẹ́ ju àkókò tombstone lọ, ìyẹn ìgbà tí Active Directory fi ń rántí ohun tí wọ́n pa rẹ́, kò wúlò mọ́. Ọjọ́ 180 ni lórí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ láti Windows Server 2003 SP1, ọjọ́ 60 lórí èyí tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé DSRM, ipò tí wọ́n ti ń dá Active Directory padà, tí ó yàtọ̀ sí ti domain, yẹ kó wà lórí ìwé nínú àpótí irin, torí pé ọjọ́ ìjàǹbá nìkan ni wọ́n ń wá a. Lẹ́yìn ìdápadà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé krbtgt, àkáǹtì tó ń fọwọ́ sí tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé inú domain, padà, nítorí Active Directory ń rántí èyí tó ṣáájú, olè tó jí i sì lè máa fi í ṣe ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì.

== Ìdápadà ==

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ibi tí àwọn olùkọ sọ́fítíwíà ń tọ́jú kóòdù sí, ṣèèṣì pa nǹkan bí 300 gígábáìtì rẹ́. Ẹ̀dà tó yẹ kó wà lórí S3 kò sí, torí pé pg_dump 9.2, irinṣẹ́ àdàkọ tó ti pẹ́ jù, ni wọ́n ń lò fún dátábéèsì PostgreSQL 9.6. Ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ pé iṣẹ́ náà ń kùnà kò wọlé, DMARC, ètò tó ń yẹ orísun ímeèlì wò, ti dá a padà. Àwòrán dátà tí ẹnì kan yà fún ìdánwò ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ó tún yẹ kí wọ́n ṣírò àkókò. Lórí wáyà 1 Gbps, tó ń gbé nǹkan bí 110 mégábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, téràbáìtì 10 gba wákàtí 25. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì 100 Mbps, ó ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun gé nítòsí Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tí ìsopọ̀ Nàìjíríà sì dẹ̀ bá a, ìṣirò yìí kò lè dúró fún ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní òkè òkun nìkan.

== Òfin ==

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fi ààbò dátà ara ẹni lé ilé-iṣẹ́ tó ń kó o jọ lọ́rùn. Bí ìjàǹbá náà bá lè pa àwọn tó ni dátà lára, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò dátà, létí.