Ẹ má fi ìlàjì oògùn tó kù sílẹ̀: bí a ṣe ń fọ ìfun kí wọ́n tó fi kámẹ́rà wò ó

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Ní fámásì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Kàbbà níbí, àwọn tó ń mú ìwé dókítà wá fún oògùn tí wọ́n fi ń fọ ìfun ti ń pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn sí i gan-an, torí ó túmọ̀ sí pé àwọn èèyàn wa ti ń gbà kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú wọn dípò kí wọ́n máa fi àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí bo ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde mọ́lẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í mu oògùn náà tán. Lálẹ́ wọ́n á mu ìlàjì, wọ́n á yàgbẹ́ títí, tó bá wá di ìdájí tó yẹ kí wọ́n mu ìyókù, wọ́n á ní inú àwọn ti mọ́, kí ló tún kù níbẹ̀, wọ́n á da tókù nù, wọ́n á wọ mọ́tò. Ìlàjì tí wọ́n dà nù yẹn gan-an ló ń pinnu bóyá dókítà máa rí nǹkan tàbí kò ní rí.

Àyẹ̀wò tí à ń sọ ni kolonóskópì. Okùn gígùn kan ni, ó rọ̀, kámẹ́rà kékeré wà lórí ẹ̀, ihò ìdí ni wọ́n ń gbà kì í wọlé, wọ́n á sì fi wo ìfun ńlá láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó gùn tó mítà 1.5 lára àgbàlagbà. Ohun tí wọ́n ń wá jù ni ẹran kéékèèké tó máa ń hù sára ìfun, tí kì í dun èèyàn rárá, àmọ́ tí àwọn kan nínú wọn lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n lè gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Tí ìgbẹ́ bá bò ó ńkọ́? Wọn ò ní rí i, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ padà wá, owó míì, oògùn míì, ọ̀nà míì. Ìwádìí láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ti fi hàn pé iye àwọn tí ìfun wọn kì í mọ́ tó lè tó ẹnì kan nínú mẹ́rin, ìyẹn pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí oògùn ìdájí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sùn, ìfun kékeré ò sùn, gbogbo òru ló fi ń da òróòro àtàwọn oje míì sínú ìfun ńlá, apá ọ̀tún ló sì kọ́kọ́ máa ń dà á sí. Tí kò bá sí omi tó máa ṣàn án kúrò láàárọ̀, á lẹ̀ mọ́ ara ìfun bí ẹ̀kọ tó gbẹ sí ìdí ìkòkò. Apá ọ̀tún yẹn náà ni àwọn ẹran tó pẹlẹbẹ, tó ṣòroó rí, máa ń fara pamọ́ sí. Bàbá kan bi mí lórí káńtà pé, “Ṣé n ò wá lè mu gbogbo ẹ̀ lálẹ́ kan náà kí n lè sùn?” Mo ní, “Bàbá, ẹ lè sùn o, àmọ́ tílẹ̀ bá fi máa mọ́, apá tí wọ́n fẹ́ wò jù lára yín á ti dọ̀tí padà.” Ó ní òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé ẹ̀ fóun. Mo gbà á gbọ́, torí ìwé tí wọ́n ń fún èèyàn máa ń sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe, kì í sọ ìdí ẹ̀.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní PEG. Ìyẹ̀fun ni, iyọ̀ oríṣiríṣi wà nínú ẹ̀, omi lítà 4 lẹ máa pò ó mọ́, ìyẹn píọ wọ́tà 8 tó bá jẹ́ 50cl. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn tó bá gbọ́ lítà 4, ẹ̀tọ́ ni kó bà wọ́n, àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. PEG fúnra ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ńṣe ló ń di omi mú sínú ìfun kó lè gbá gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde, iyọ̀ tí wọ́n fi sí i ni kì í jẹ́ kí omi àti iyọ̀ ara yín bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kẹ́ ẹ bu ṣúgà tàbí oyin sí i kó lè dùn, tàbí kẹ́ ẹ dín omi ẹ̀ kù kó lè tètè tán, ìwọ̀n tó wà lára páálí ni ìwọ̀n. Kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ máa pò ó sí náà, ẹ jọ̀ọ́ kó má ṣe èyí tẹ́ ẹ ti fi ra epo rí, òórùn epo kì í tán lára ẹ̀, ife kejì lásán lèèyàn á ti fẹ́ bì.

Ife kan tó tó 250 mililítà ni kẹ́ ẹ máa mu ní ìṣẹ́jú 15 síra wọn, ife 8 á parí lítà 2 láàárín wákàtí 2. Ẹ gbé ife kan mì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má máa tọ́ ọ lá. Tó bá tutù ó máa ń rọrùn láti mu, tí iná ò bá sí, ẹ kó áìsì bílọ́ọ̀kì sínú báfù kẹ́ ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sí àárín ẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ ju áìsì sínú oògùn. Sítírọ́ò náà máa ń ranni lọ́wọ́ torí oògùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ kan ahọ́n. Ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìgbẹ́ àkọ́kọ́ tó dé, inú á kún, òtútù lè mú yín díẹ̀, ẹ da aṣọ bora. Tí èébì bá ń gbé yín, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú, ẹ wá jẹ́ kí àárín ife kan sí èkejì jìn díẹ̀ sí i. Àmọ́ tí inú bá ń run yín gidi tó sì wú, tí ìgbẹ́ tàbí afẹ́fẹ́ ò jáde, tí èébì ò sì dá, ẹ dá oògùn dúró, ẹ pe hòsípítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìfun lè ti dí. Ẹni tí inú ẹ̀ ti ń wú bẹ́ẹ̀ kó tó ra oògùn pàápàá, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Ọ̀rọ̀ àkókò wá ni, ibẹ̀ ló ti máa ń dàrú fún àwa tá a wà lápá ibí. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá ní aago 10 àárọ̀, aago 5 ìdájí lẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìlàjì kejì, aago 7 á ti tán, ẹ ò sì ní fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́, títí kan omi. Kí wákàtí 2 ó kéré tán wà láàárín ife ìkẹyìn àti àyẹ̀wò, tí hòsípítù tiyín bá ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹni tó wá ń gbé ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ìsánlú tí àyẹ̀wò ẹ̀ wà ní Ìlọrin, báwo ló ṣe fẹ́ mu oògùn ní ìdájí kó sì tún jókòó sínú mọ́tò? Kò ṣeé ṣe. Ará Kàbbà tó ń lọ Lọ́kọ́jà náà, lóòótọ́ wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà Ọbájànà, ọ̀nà tó dáa ò yí ohun tí oògùn ń ṣe nínú padà. Ìdí nìyí táwọn èèyàn fi ń da ìlàjì kejì nù, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Ẹ lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ sùn sílé ẹbí tàbí lọ́jì tó sún mọ́ hòsípítù, tó ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí owó ibi tẹ́ ẹ máa sùn wà lára owó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wá. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ sọ fún wọn ní hòsípítù pé ọ̀nà jíjìn lẹ ti ń bọ̀, kí wọ́n fi tiyín sí ọ̀sán, wọ́n á sì sọ bẹ́ ẹ ṣe máa pín oògùn.

Fún àwọn àgbàlagbà tó máa bẹ̀rẹ̀ nílé, mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí Màmá máa dá jáde lọ sí ṣáláńgà nínú òkùnkùn. Ẹ gbé póò sínú yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kẹ́nì kan sùn tì í, òyì lè kọ́ wọn kí wọ́n sì ṣubú. Òrí tàbí faselíìnì, ẹ ti fi pa ìdí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ẹ má dúró dìgbà tó bó.

Oúnjẹ ńkọ́? Ó kéré tán láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dá ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ilá, àgbàdo, ẹ̀pà, kaṣú, gúábà àti gbogbo ohun tó ní kóró dúró. Iyán ò burú tó ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ tá a fi ń jẹ ẹ́. Ìrẹsì funfun díẹ̀, búrẹ́dì funfun, ẹyin, ẹja, ẹ lè jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú yẹn tí dókítà bá fọwọ́ sí i, lẹ́yìn ìyẹn omi tó mọ́ gaara nìkan: omi lásán, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ẹran tẹ́ ẹ ti sẹ́ tí kò ní ata, 7up. Ẹ̀kọ mímu àti kúnú kì í ṣe omi o. Sóbò náà ò gbọ́dọ̀ kàn yín lẹ́nu, torí ohun mímu pupa lè dà bí ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun.

Ẹ má fi àgbo rọ́pò oògùn yìí. Ewé asùnwọ̀n máa ń yọ inú lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife kan, irú rẹ̀ tẹ́ni bá mu pẹ́ lè sọ ara ìfun di dúdú, ìgbẹ́ gbuuru tó fà sì máa ń kó iyọ̀ ara lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde tí gbogbo wa ń pè ní jẹ̀dí-jẹ̀dí, jẹ̀dí-jẹ̀dí lè ni lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ, kódà lára ẹni tí kò tíì darúgbó. Chadwick Boseman, òṣèré Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 43 ni nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á ní 2020. Láti 2021 ni wọ́n ti ń gba àwọn ará Amẹ́ríkà nímọ̀ràn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ọmọ ọdún 45 dípò 50, kódà tí nǹkan kan ò bá ṣe wọ́n.

Ẹ má sì ra oògùn ìfọfun míì tí dókítà ò kọ fún yín. Èyí tó jẹ́ sodium phosphate máa ń wu èèyàn torí kò pọ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ní 2008 ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù sára irú ẹ̀. Mannitol náà, irú ṣúgà kan tí wọ́n ń fi fọ ìfun, ó lè mú gáàsì tó ń gbiná jáde nínú ìfun, tí wọ́n bá wá fi iná mànàmáná gé ẹran inú ìfun, ewu wà níbẹ̀. PEG tí wọ́n fi fítámì C sí, kí ẹni tó ní àìtó G6PD, ìyẹn èròjà ara tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, má mu ún láìjẹ́ pé ó sọ fún dókítà, àìtó yìí sì wọ́pọ̀ láàárín wa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù, wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn dá a dúró ní bí ọjọ́ 5 sí 7 ṣáájú torí ó ń mú ìgbẹ́ dúdú. Oògùn ṣúgà, oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀, ẹ kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá, ẹ gbé e dé iwájú dókítà, kó sọ èyí tẹ́ ẹ máa dá dúró. Oògùn yòówù tẹ́ ẹ bá gbé mì láàárín wákàtí kan sígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ PEG lè bá omi jáde láìṣiṣẹ́.

Ìgbẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ omi tó mọ́, tó dà bí ìtọ̀ nìkan, ẹ ti múra tán. Tó bá ṣì dúdú tàbí tí wóró wà nínú ẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gbé yín sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má tijú, wọ́n lè fi énímà, ìyẹn omi tí wọ́n ń gba ihò ìdí fi sínú, ràn yín lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n fún yín láyè díẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan dání pẹ̀lú, nítorí oògùn oorun tí wọ́n sábà máa ń fúnni, ẹ ò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò tàbí gun ọ̀kadà lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ni náà sì bá yín gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ lẹ́yìn àyẹ̀wò, torí ẹ lè má rántí ẹ̀.