Ibi Tí Ìjọba Amúnisìn Ti Ń Rówó ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Kí òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ẹnu ibodè ni owó ìlú wà. Alárù tó ru epo tàbí èkùrọ́ bọ̀ láti òkè, tó fẹ́ dé etí ọ̀sà, á kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú oníbodè, á sanwó, kó tó tún un gbé. Ìjọba òyìnbó tó wà l'Ékòó náà, owó tó ń gbà lórí ọtí àti tábà òkè òkun ló gbójú lé jù. Bí Ìjẹ̀bú bá wá ti ọ̀nà, epo ò ní dé Èkó, ẹni tí kò rí epo tà ò ní rówó ra ọtí, àpò Gómìnà á sì gbẹ. Ìdí nìyẹn tí Èkó fi ṣèlérí £500 lọ́dún fún Ìjẹ̀bú ní oṣù kìíní 1892, kí wọ́n lè fi owó oníbodè sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, ogun Ìmàgbọn, níbi tí òyìnbó ti ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ló parí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí London fẹ́ ni pé kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa fi owó ara rẹ̀ bọ́ ara rẹ̀. Owó ọtí kò sì ṣeé fọkàn tẹ̀: nígbà tí ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní 1914, ọkọ̀ Jámánì tó ń kó jíìnì wá kò wá mọ́. Àárín ogun yẹn ni owó orí wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ó wà lára ohun tó fa ogun Àdùbí, ìyẹn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá bá ìjọba ṣe ní 1918.

Ibi kíka iye àwọn tó yẹ kó san owó orí lọ̀rọ̀ ti le jù. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba, kò mọ iye ọkùnrin tó wà nínú agboolé. Olórítún, ìyẹn olórí àdúgbò, ló mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, baálẹ̀ ló mọ̀ lábúlé. Ẹni tó ń kà náà ló ń gbà, tó sì ń yọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi orúkọ mẹ́wàá pamọ́, owó mẹ́wàá lè wọ àpò rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú kì í sì í jókòó sójú kan: ilé lè wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ṣọ́ọ̀bù wà n'Ibàdàn. Níbo ni yóò ti san? Ẹni tó bá ti san á rọra ká pélébé ìwé owó orí rẹ̀ sápò àgbádá, kí akódà má baà dá a dúró lọ́nà.

Owó tí wọ́n bá gbà, ìpín kan ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba Èkó. Ìyókù ni wọ́n fi ń sanwó ọba, akọ̀wé kóòtù àti akódà, tí wọ́n fi ń la ọ̀nà. Ìjẹ̀bú-Òde ni àpò yẹn wà, owó Rẹ́mọ náà sì ń wọ inú rẹ̀. Èyí dun Rẹ́mọ gan-an, ẹ̀tọ́ wọn sì ni kó dùn wọ́n: àwọn ló ń san, ẹlòmíràn ló ń pín. Akárìgbò Adédọ̀yìn, ọba Rẹ́mọ, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ja ìjà náà títí Adájọ́ Martindale fi jókòó gbọ́ ẹjọ́ ní 1937. Ní 1938, Rẹ́mọ gba àṣẹ láti máa darí ara rẹ̀, owó orí Ṣàgámù, olú ìlú Rẹ́mọ, kò sì lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde mọ́.