Ilé Kọ́nà L'Ékòó: Ọwọ́ Ta Ló Ti Wá?

Àwọn kan á ní Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ wa ní ilé kọ́nà, èyí tí wọ́n ń tajà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹbí ń gbé lókè. Irọ́ ni. Ọdún 1861 ni wọ́n gba Èkó. Ilé Fernandez, tí í ṣe ilé kọ́nà, ti wà ní Tinúbú láti 1855. Àwọn Sàró tó padà wá láti Sierra Leone náà kọ́ ilé, ṣùgbọ́n Àgùdà, àwọn tó padà wá láti Brazil, ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí.

Gbòǹgbò rẹ̀ tilẹ̀ jìn ju ti Àgùdà lọ. Nínú agbo ilé Yorùbá, àlejò kì í já wọ yàrá. Ìloro ni yóò kọ́kọ́ dé, kí wọ́n bi í pé ta ló ń wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kàn, níbi tí baálé ń jókòó sí, tí wọ́n ti ń parí ìjà. Yàrá ló kẹ́yìn, ẹni bí ẹni ló ń débẹ̀. Àwọn obìnrin ilé a pàtẹ ata àti ẹ̀kọ síta. Bí ilé bá wá bọ́ sí ìkóríta, èrò ọ̀nà méjì ló ń rí àtẹ yẹn. Ìkóríta ni ti Èṣù, òun náà ni wọ́n ń bọ lẹ́nu ọjà. Ọjà àti ìkóríta ti mọ ara wọn tipẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ilé kọ́nà ti ṣẹ̀, kí símẹ́ńtì tó dé.

Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní Brazil kò gbàgbé ìloro. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní 1835, ọ̀pọ̀ wọn ti mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà dunjú. Ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà wọ̀nyí, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ẹ wo ilé Fernandez náà, ní kọ́nà òpópónà Bámgbóṣé. Àwọn ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lókè bí ọrun, wọ́n sì kọjú sí títì: nígbà náà, ẹnikẹ́ni lè yà síbẹ̀ mu ọtí, kó jẹun. Òkè, ó di ti onílé. Fèrèsé onípákó irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó wà nínú ń wo gbogbo ìkóríta, ará ìta kò rí i.

Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, wọ́n sọ ọ́ ní Ìlọ́jọ̀. Ní 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín Èkó, tí wọ́n ń kó èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìlọ́jọ̀ ní tirẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ ní September 2016, ó sì dùn mí dé egungun.

Ní Yábàá àti Mushin, ilẹ̀ kọ́nà písì ṣì ń gbówó lórí. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fi kún gbogbo iwájú rẹ̀ báyìí. Ẹnu ọ̀nà ẹbí wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀.