Mọ́tò tí kì í rú èéfín, ṣé ó ṣì lè dùn ún wà?

Bàbá kan tí mo ti ń bá tún mọ́tò ṣe látìgbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló gbé háíbíríìdì, ìyẹn mọ́tò tó ń lo epo tó tún ń lo iná, wá bá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó, nǹkan kan ń ṣe é. Mo gbé e sókè, mo wò ó lábẹ́, mo fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mọ́tò o. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ rí lára ẹ̀ gan-an?" Wọ́n wolẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò dùn ún wà ni."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí àmọ́ mi ò rín, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi wa mọ́tò onígíà ọwọ́, àwọn ọmọ wọn ló ní kí wọ́n gba èyí tí kò ní máa jó epo jù. Ọ̀rọ̀ wọn yẹn náà sì ni gbogbo èèyàn fi ń bi mí léèrè báyìí, ọ̀nà tí kálukú ń gbà gbé e kalẹ̀ ni kò jọra: ṣé mọ́tò oníná, ṣé háíbíríìdì, ṣé àwọn mọ́tò tí wọ́n ní kì í ba àyíká jẹ́ yìí lè dùn ún wà ṣá, àbí ìyà la fẹ́ máa jẹ torí kí èéfín lè dín kù? Èsì mi ni pé wọ́n lè dùn, àwọn kan tiẹ̀ dùn kọjá ohun tẹ́ ẹ rò, àmọ́ ohun tó ń bà wọ́n jẹ́ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí.

Ká tó lọ jìnnà, kí là ń pè ní dídùn? Àwọn ọ̀dọ́ rò pé eré sísá ni. Rárá o. Mo ti wa mọ́tò tó ń sáré bí ẹni iwin ń lé tó sì ti sú mi kí n tó débi tí mò ń lọ, mo sì ti wa èyí tí agbára ẹ̀ kò ju ti alùpùpù ńlá lọ tó jẹ́ pé ńṣe ni mò ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan nínú ẹ̀. Mọ́tò tó dùn ni èyí tó ń dáni lóhùn. Ẹ fẹsẹ̀ kan tọ́tù, ìyẹn ibi tá a ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, ó gbọ́. Ẹ yí sítíárìn díẹ̀, imú ẹ̀ yí díẹ̀ náà, kò dín kò lé, ọwọ́ yín sì ń mọ ohun tí táyà ń bá pàdé nílẹ̀, tẹ́ ẹ bá wọ kọ́nà kò ní gbè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi.

Tó bá ti jẹ́ ti ká fẹsẹ̀ kan tọ́tù kí mọ́tò gbọ́ ni, iná ti na epo, kò sí ìjà níbẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì epo ní láti fa afẹ́fẹ́ wọlé, kó po epo mọ́ ọn, kó tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kó dáná sí i, kó tó rí agbára lò, agbára yẹn ò sì tó nǹkan tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, àfi tó bá yí dé bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó ṣí ara ẹ̀, ìdí tá a fi ń yí gíà nìyẹn. Tó bá tún wá ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, ẹ máa dúró díẹ̀ kí tọ́bò jí. Èyí tó ń lo iná kò ní gbogbo wàhálà yẹn, wáyà kọ́pà àti mágínẹ́ẹ̀tì ni, bí iná bá ti wọlé báyìí agbára ìyípo ẹ̀, èyí táwa mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀kì, ti pé láti orí òdo. Nissan Leaf tó jáde lọ́dún 2010, hórsípáwà ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹ̀, ò ju nǹkan bíi 107 lọ, mọ́tò ìdílé lásán ni, kò sẹ́ni tó ń fi í ṣe fọ́rífọ́rí, àmọ́ tí iná tráfíìkì bá ti ní kẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ tó dé eré 50 kílómítà ní wákàtí kan ó ti ya àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ́nu.

Kì í tiẹ̀ ṣe nǹkan tuntun. Mọ́tò àkọ́kọ́ tó sá kọjá 100 kílómítà ní wákàtí kan, iná ló ń lò, lọ́dún 1899 ní ilẹ̀ Faransé, Camille Jenatzy ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ló wà á, mọ́tò yẹn rí bí ọta ìbọn, orúkọ tó ń jẹ́ ni La Jamais Contente, ìyẹn obìnrin tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn. (Mo mọ oníbàárà bíi méjì tó yẹ kó máa jẹ́ orúkọ yẹn.)

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí fífò tí oníná máa ń fò lọ yẹn tàn yín jẹ o. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ máa fi han gbogbo ọ̀rẹ́ yín, orí wọn á lọ gbá àga lẹ́yìn, gbogbo yín á pariwo. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta ó ti di nǹkan ojoojúmọ́. Tesla Model S Plaid tó jáde ní 2021 ní hórsípáwà tó lé ní 1,000, mi ò sì mọ títì tẹ́ ẹ ti fẹ́ lò ó tán tẹ́ ẹ ò ní bá ọlọ́pàá ṣẹjọ́.

Háíbíríìdì ni orúkọ ẹ̀ bàjẹ́ jù, àwọn àkọ́kọ́ ló fà á. Toyota Prius tó kọ́kọ́ jáde ní Japan ní 1997, àwọn tó ṣe é ò bá ti dídùn wá, epo ni wọ́n fẹ́ dín kù, wọ́n sì dín in kù lóòótọ́. Gíà inú ẹ̀ kì í ṣe irú èyí tá a mọ̀, eyín irin kan ló wà láàárín táwọn kéékèèké ń yí po, òun ló ń pín iṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò iná, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná yí táyà, kọ̀ǹpútà ló sì ń yan bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa yí tó tí epo ò fi ní jó jù. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kàn han gooro, á dúró sójú kan náà, eré á wá máa bọ̀ lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa rọ́bà. Etí ń gbọ́ ọ̀tọ̀, ara ń gbọ́ ọ̀tọ̀. Ohun tó ń ṣe Bàbá gan-an nìyẹn, ọgbọ̀n ọdún ni etí wọn fi kọ́ pé tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sí i, eré ń pọ̀ sí i nìyẹn. Wọ́n ti ń tún un ṣe ṣá, Prius tó jáde fún ọdún 2023 ń dé eré 100 láàárín sékọ́ńdì 7 sí 8, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ń lò ju 10 lọ, ó sì ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Kó tó dìgbà yẹn Honda ti ṣe Insight lọ́dún 1999, háíbíríìdì onígíà ọwọ́ tí kò tó 900 kílò, mo wà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò gbàgbé ẹ̀ di òní.

Ẹ ṣàkíyèsí kílò tí mo dárúkọ yẹn o, torí ibẹ̀ ni mò ń lọ látàárọ̀. Ìwúwo ni ọ̀tá. Epo lítà 50 kò tó 40 kílò, bátìrì tó máa gbé mọ́tò ńlá rìn jìnnà lè lé ní 500 kílò, ìyẹn ni pé bí èèyàn méje ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga yín tí wọn ò ní bọ́ọ́lẹ̀ láé, ẹ̀ báà ń lọ jìnnà ẹ̀ báà ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Model S tí mo dárúkọ lókè, tọ́ọ̀nù 2 ó lé ni. Ẹ lè fi táyà tó fẹ̀ dì í mọ́lẹ̀, ẹ lè fi ṣọ́kì tó le dá a dúró, àmọ́ tẹ́ ẹ bá wọ kọ́nà tó ká sósì tó tún ká sọ́tùn-ún lójijì, ara yín á sọ fún yín pé ẹrù lẹ gbé. Mi ò ní ṣàì sọ pé bátìrì ní oore kan tó ń ṣe, ó tẹ́ pẹrẹsẹ sísàlẹ̀, ẹrù tó wà nísàlẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí mọ́tò gbè, ìdí nìyẹn tí jíìpù oníná fi sábà máa ń wọ kọ́nà dáa ju jíìpù epo tí wọ́n jọ ga. Ṣùgbọ́n kó má gbè yàtọ̀ sí kó fúyẹ́.

Tesla Roadster tó jáde ní 2008, ìdí tó fi dùn ni pé ara Lotus Elise ni wọ́n ti yọ ọ́, mọ́tò kékeré kan báyìí tí kò lẹ́ran lára, pẹ̀lú bátìrì nínú ẹ̀ kò ju bíi 1,300 kílò lọ, sékọ́ńdì 4 ó ti dé eré 100. Mini oníná ti 2020 náà, nǹkan bíi 1,400 kílò, Renault 5 oníná tó jáde ní 2024 náà kò tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Ẹ fi wọ́n wé Mazda MX-5 tó ń lo epo, tí gbogbo wa gbà pé ó dùn, tó jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù kan péré, ẹ á rí i pé wọn ò tíì bá a àmọ́ wọn ò jìnnà sí i mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá ń dùn mọ́ mi ni pé ohun tó ń mú kí mọ́tò dùn náà ló ń mú kó ṣàánú àyíká. Bátìrì kékeré túmọ̀ sí pé ohun tí wọ́n máa wà jáde nílẹ̀ láti fi ṣe é kéré, iná tí wọ́n máa lò ní ilé iṣẹ́ kéré, iná tẹ́ ẹ máa lò lójoojúmọ́ láti tì í lọ kéré, táyà ò sì ní tètè jẹ. Àmọ́ ẹ̀rù pé iná á tán sójú ọ̀nà ti bà wá débi pé gbogbo èèyàn ń béèrè bátìrì ńlá, bátìrì ńlá wúwo, mọ́tò tó wúwo ń fẹ́ búréèkì ńlá àti ṣọ́kì ńlá àti táyà ńlá, àwọn yẹn náà wúwo, wọ́n á tún wá fi bátìrì kún un kó lè gbé gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń wa 40 kílómítà lójúmọ́ ló wá ń ru bátìrì 500 kílómítà kiri. Jíìpù oníná tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sí, lóòótọ́ kì í rú èéfín, ẹnu mi kàn kọ̀ láti pè é ní ọ̀rẹ́ àyíká ni, kò sì dùn ún wà.

Búréèkì náà wà níbẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mọ́tò iná á yí padà di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ìyẹn fúnra ẹ̀ á sì máa dá mọ́tò dúró, ẹsẹ̀ kan lẹ fi ń wà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ orí àwọn èrò inú mọ́tò á máa mì bíi ti alángbá. Tó bá mọ́ yín lára tán ó di nǹkan mìíràn, èmi máa ń bá ara mi ta á bí ayò ni, kí n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láìfẹsẹ̀ kan búréèkì rárá kí n sì rí i tí iná ń gorí iná nínú bátìrì. Àwọn kan ò ṣe é dáa ṣá, ibi tí mọ́tò iná ti ń gbé iṣẹ́ fún páàdì búréèkì ò dán, ńṣe ló dà bíi pé ẹ ń tẹ fóòmù.

Ariwo ńkọ́? Èmi fẹ́ràn ariwo ẹ́ńjìnnì, mi ò ní purọ́. Hyundai Ioniq 5 N tó jáde ní 2023 tiẹ̀ fi ẹ̀rọ ohùn ké bí ẹ́ńjìnnì, ó ní gíà mẹ́jọ tí kì í ṣe gíà, tẹ́ ẹ bá yí i ó máa já yín bíi pé ó wà níbẹ̀. Mo lérí pé mi ò ní tan ìranù yẹn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ti ń yí gíà tí kò sí.

Àwọn tó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí wọ́n wo Pikes Peak ní Colorado, Amẹ́ríkà, òkè tí wọ́n ń sáré gùn bíi 20 kílómítà, kọ́nà 156, orí ẹ̀ lé ní 4,300 mítà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì epo ní láti mí, bátìrì kì í mí. Ní 2018 Romain Dumas fi Volkswagen ID.R oníná gùn ún ní ìṣẹ́jú 7 àti sékọ́ńdì 57, èyí tó dáa jù tẹ́lẹ̀, ti epo, ìṣẹ́jú 8 àti sékọ́ńdì 13 ni. Ní Le Mans náà, eré mọ́tò wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń sá ní ilẹ̀ Faransé, láti 2012 tí Audi ti fi háíbíríìdì gba ipò kìíní, ẹnu àwọn elépo lásán ti wọhò.

Tó bá wá jẹ́ pápá eré lẹ fẹ́ràn láti máa lọ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ rọra o. Mo gbé oníná kan lọ síbẹ̀ rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ìyípo mẹ́ta péré bátìrì ti gbóná, kọ̀ǹpútà gé agbára ẹ̀ kù kó má bàa bàjẹ́, búréèkì ń rùn, mo wá jókòó ti ẹ̀rọ ìgbanásí bí ẹni ń dúró de ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí ọmọ kan tó gbé mọ́tò epo kékeré wá ń yí po ní tiẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má jẹ́ kẹ́ni tó ń tà á mú yín lọ sójú títì tó gùn gbọọrọ kó ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo oníná ló máa fò. Ẹ wá ibi tó ní kọ́nà tí ojú ọ̀nà ò sì dán, ẹ kọ́kọ́ pa bọ́tìnnì tí wọ́n kọ eco sí, èyí tó ń dín agbára kù kí iná tàbí epo má bàa tètè tán, ẹ wo ìwọ̀n kílò ẹ̀ nínú ìwé kẹ́ ẹ tó wo hórsípáwà. Kẹ́ ẹ sì wo táyà, torí ọ̀pọ̀ ló ń bá táyà líle tí wọ́n fi ń dín epo kù wá láti ilé iṣẹ́, irú táyà bẹ́ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ mú.

Ti Bàbá, táyà nìkan la pààrọ̀, mo sì fi bọ́tìnnì kan hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà tí wọn ò tẹ̀ rí, èyí tó ń jẹ́ kí mọ́tò tètè gbọ́ tọ́tù. Oṣù kejì wọ́n padà wá pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n ní epo ń lọ díẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún Ìyá.