Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì àti Apẹja Lójú Ọ̀sà Èkó: Ta Ló Yẹ Kó Yà fún Ta?

Ẹni tó bá máa ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹbúté Èrò tàbí Fálọ́mọ ti rí i rí. Ọkọ̀ fáíbà tó kún fún èrò ń sáré bọ̀. Apẹja kan dìde dúró nínú ọkọ̀ pákó rẹ̀, ó ń ju ọwọ́, ó ń pariwo. Awakọ̀ gbà pé èébú ni wọ́n ń bú òun, apẹja náà gbà pé wọn ò ka òun sí ènìyàn. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ló sábà máa ń jáde lẹ́nu èrò, lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, àti lẹ́nu àwọn tó ra ọkọ̀ fún fàájì ọjọ́ Àìkú.

Ìbéèrè: Ta ni òfin ní kó yà fún ẹnì kejì?

Ìdáhùn: Ó dá lórí ibi tí ẹ ti pàdé àti ohun tí apẹja náà fi ń pẹja. Òfin àgbáyé tó wà fún kí ọkọ̀ má kọlu ọkọ̀ lójú omi, èyí tí wọ́n ṣe ní 1972 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977, sọ nínú ìlànà 18 pé kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì yà fún ọkọ̀ tó ń pẹja. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ká ìwé náà mọ́. Ṣùgbọ́n ìlànà 3 ti kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ tó ń pẹja: ẹni tó ń lo àwọ̀n, okùn ìwọ̀ tàbí ohun èlò mìíràn tí kò jẹ́ kó lè darí ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ẹni tó kàn ń wọ́ ìwọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, tó lè yà sọ́tùn-ún sósì nígbà tó bá wù ú, kò sí nínú wọn. Ìyẹn ni pé bàbá tó ti da àwọ̀n gígùn sílẹ̀ níwájú Makoko ní ẹ̀tọ́ kan tí ọ̀gá tó gbé ọ̀pá ìwọ̀ olówó ńlá jáde láti Ìkòyí kò ní.

Ìlànà 9 wá yí i padà. Nínú ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ ń gbà, apẹja kò gbọ́dọ̀ dí ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́nà. Ọ̀sà Èkó fẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi púpọ̀ nínú rẹ̀ kò jìn ju mítà 1.5 sí 3 lọ, nítorí náà ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá lè gbà kò pọ̀. Apẹja tó bá ta àwọ̀n dábùú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló jẹ̀bi, kódà bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ń pẹja kí afárá Third Mainland tó débẹ̀. Bí ó bá sì jẹ̀bi náà, òfin ò ní kí ẹ gun orí àwọ̀n rẹ̀. Ìlànà 5 ní kí gbogbo awakọ̀ máa ṣọ́ iwájú, ìlànà 6 ní kí ó máa rìn ní ìwọ̀n eré tó lè fi yẹ ewu.

Ìbéèrè: Mo dín eré kù nígbà tí mo fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹja kan, síbẹ̀ ó bú mi ju ẹni tó sáré kọjá ṣáájú mi lọ. Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti dín in kù díẹ̀, kí ẹ má sì dín in kù tó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣòro gbà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé lójú títì, ẹni tó bá dín eré kù ti ṣe dáadáa, bó ti wù kó kéré mọ. Ojú omi kì í ṣe títì.

Ọkọ̀ fáíbà onípẹlẹbẹ ní ìrìn mẹ́ta. Bí ó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó jókòó gbọọrọ sínú omi, ìgbì tó ń dá kò tó nǹkan. Bí ó bá ń sáré gan-an, ó gòkè sórí omi, ó ń fò lórí rẹ̀ bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé jù, ìgbì rẹ̀ kò sì ga tó bí ojú ṣe ń rò. Àárín méjèèjì ni ewu wà. Níbẹ̀, imú ọkọ̀ á dìde, ìdí rẹ̀ á rì, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì á sì máa lọ síbi títú omi sókè. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó bá dín eré kù “díẹ̀” máa ń bọ́ sí. Ó rò pé òun ń ṣàánú apẹja, bẹ́ẹ̀ ìgbì tó ga jù lọ nínú ìrìn àjò rẹ̀ ló ń rán sí i.

Omi tí kò jìn tún máa ń dá kún un. Ìwọ̀n eré kan wà tí ìgbì ò lè kọjá nínú omi tí kò jìn, jíjìn omi náà ló sì ń pinnu rẹ̀. Níbi tí omi bá jìn ní mítà 1.5, ó jẹ́ bíi kìlómítà 14 ní wákàtí kan. Níbi tó bá jìn ní mítà 3, ó sún mọ́ 20. Ọkọ̀ tó bá ń rìn ní ìwọ̀n eré yẹn gan-an ń tẹ̀lé ìgbì tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, kò jẹ́ kó sá lọ, ó kàn ń fi kún un ni. Ẹ wò ó dáadáa: láàárín kìlómítà 14 sí 20 ní wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa máa ń já sí bí wọ́n bá ní àwọn ti dẹ ẹsẹ̀.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n. Bí imú ọkọ̀ yín bá ga débi pé ẹ ní láti nà kí ẹ tó rí iwájú, ibi tó burú lẹ wà. Ẹ bojú wẹ̀yìn: bí omi bá ń yí gbirigbiri tẹ̀lé yín, ẹ dín in kù sí i títí imú á fi sọ̀kalẹ̀.

Ìbéèrè: Ìgbì kékeré lásán ṣe jẹ́ nǹkan bàbàrà fún apẹja? Ṣebí orí omi ló ń gbé?

Ìdáhùn: Ẹ wo ẹnu ọkọ̀ pákó tó ti ru àwọ̀n àti ẹja: ẹnu náà àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó ń ju àwọ̀n ń ṣe é lórí ìdúró, àwọ̀n á ti wúwo léjìká rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lórí pákó tó tutù. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja ti mọ bí okùn òun ṣe rí nínú omi, ìka rẹ̀ ló fi ń gbọ́ ẹja. Ìgbì kan ṣoṣo á da gbogbo rẹ̀ rú, ó lè pẹ́ kó tó padà sí bó ṣe wà. Ìdajì owó ọjọ́ náà lè bá bẹ́ẹ̀ lọ. Nípa orí omi gbígbé, àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ló mọ iye ẹni tí omi ti gbé.

Ìbéèrè: Ṣé bí mo bá jìnnà sí i, mo lè máa sáré lọ?

Ìdáhùn: Ó dára kí ẹ jìnnà, àmọ́ ọ̀nà jíjìn kì í pa ìgbì bí a ṣe ń rò. Lord Kelvin, tó ń kọ́ni ní Glasgow, ṣàlàyé ní 1887 pé nínú omi jíjìn, ìgbì ọkọ̀ máa ń ya bí lẹ́tà V lẹ́yìn rẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan sì fi nǹkan bíi dígírì 19.5 ya kúrò ní ojú ọ̀nà ọkọ̀, ì báà jẹ́ pépẹ́yẹ ni tàbí ọkọ̀ ńlá. Ìgbì tó wà lórí apá V yẹn kì í tètè kú. Kó tó dín sí ìdajì gíga rẹ̀, ó ní láti jìnnà ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ìgbì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 40 ní mítà 10 sí ọkọ̀ yín ṣì lè tó 20 ní mítà 80. Ẹ ó ti lọ, ẹ ò ní rí i nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń búra pé a ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí mo rò ni pé, bí ọ̀sà bá fẹ̀ tó sì jìn níbẹ̀, tí ẹ sì lè gba ọ̀nà tó jìnnà gan-an, ẹ máa sáré lọ gbọọrọ, ẹ má yí, ẹ má sì dẹ ẹsẹ̀ láàárín. Bí ẹ bá ti lè rí ojú apẹja náà tí ẹ fi mọ̀ bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé, ẹ ti sún mọ́ ọn jù fún eré. Ẹ sọ eré náà kalẹ̀ pátápátá kí ẹ tó débẹ̀, torí ìgbì tí ẹ ti dá tẹ́lẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀: bí ẹ bá gé e lójijì, ìgbì tiyín á lé yín bá, á sì wọlé láti ìdí ọkọ̀. Bí ẹ bá kọjá tán, ẹ má tẹná léjìká rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń gbéra láti orí jẹ́jẹ́ ní láti gba ìrìn àárín tó burú yẹn kọjá, ẹ jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ níbi tó jìnnà sí i.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbẹ́ wo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Bí apẹja náà bá ń rìn, ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má já síwájú rẹ̀. Bí ó bá ti da àwọ̀n, ẹ wá fóòmù, kẹ́ẹ̀gì tàbí ike tó léfòó: àwọ̀n wà láàárín wọn, ẹ má là wọ́n láàárín láé. Ẹ gba ìta èyí tó wà níparí. Ọwọ́ tó ń jù yẹn nígbà púpọ̀ kì í ṣe èébú, ibi tí àwọ̀n òun parí sí ló ń tọ́ka. Bí kò bá yé yín, ẹ dẹ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọwọ́ bi í.

Ìbéèrè: Àwọn igi tó dúró gátagàta lójú omi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti pa wọ́n tì ni?

Ìdáhùn: Rárá. Ọgbà ẹja ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sábẹ́ rẹ̀, kó jẹun, kó sì dàgbà, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká. Àwọn ará Ganvié lórí adágún Nokoué ní ilẹ̀ Benin ń ṣe é, akaja ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní ọ̀sà wa náà. Igi yẹn ní ẹni tó ni ín, àwọn mìíràn sì wà lábẹ́ omi tí ẹ ò rí, tó lè gún inú ọkọ̀ yín.

Ìbéèrè: Ṣé kí n pa ẹ́ńjìnnì pátápátá bí mo bá sún mọ́ apẹja?

Ìdáhùn: Ẹ má pa á. Atẹ́gùn tàbí omi tó ń ṣàn lè gbé yín lu ẹni tí ẹ ń yẹra fún.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fun fèrè kó lè mọ̀ pé mò ń bọ̀?

Ìdáhùn: Fèrè ọkọ̀ ojú omi ní ìtumọ̀. Nínú ìlànà 34, fífun kúkúrú kan túmọ̀ sí pé mò ń yà sọ́tùn-ún, méjì pé mò ń yà sósì, mẹ́ta pé ẹ́ńjìnnì mi ń fà sẹ́yìn. Márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ túmọ̀ sí pé ohun tí o fẹ́ ṣe kò yé mi. Awakọ̀ tó bá ń fun fèrè bíi ti dánfó ní Òṣòdì ti sọ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ọwọ́ tí a nà sókè àti “Ẹ kú iṣẹ́ o” tó. Ọ̀pọ̀ apẹja tó wà lágbègbè Makoko jẹ́ Ègùn, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ ìkíni yẹn.

Ìbéèrè: Ní alẹ́ ńkọ́? Fìtílà kékeré ni wọ́n ń tàn, nígbà mìíràn òkùnkùn pátápátá ni.

Ìdáhùn: NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, àti LASWA, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ti ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ èrò pé kí wọ́n má rìn lóru, ìyẹn sì ti dáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè yìí. Fún ẹni tó bá gbọ́dọ̀ rìn, ẹ mọ̀ pé òfin 1972 kan náà gba ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà láàyè láti lo tọ́ọ̀ṣì tàbí fìtílà, bó bá ti lè tàn án ní àsìkò tí ọkọ̀ mìíràn á fi yẹra. Kò ní láti tàn án ní gbogbo òru. Nítorí náà, òkùnkùn iwájú yín lè ní ènìyàn nínú, kò sì rú òfin kankan. Iná pupa lókè iná funfun ni ọkọ̀ apẹja tó tóbi máa ń tàn, bí kì í bá ṣe èyí tó ń wọ́ àwọ̀n lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Èrò ni mí. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní ẹbúté. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra, ẹ jókòó, ẹ má dìde yá fọ́tò apẹja. Ẹ má sì máa sọ fún awakọ̀ pé ó ń fi àkókò yín ṣòfò bó bá dẹ ẹsẹ̀. Mo ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn ènìyàn tó jókòó wọ̀ọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lánàá.

Ìbéèrè: Àwọ̀n ti ká mọ́ pùròpẹ́là mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fà á sẹ́yìn síwájú, ṣe ni yóò tún lọ́ mọ́ ọn, ó sì lè ba ìdí ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ ju ìdákọ̀ró, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè, kí ẹ sì gbìyànjú láti tú u padà sí ọ̀nà tó gbà lọ́. Ẹnikẹ́ni má bẹ́ sómi nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí apẹja náà bá ti ń bọ̀, ẹ dúró dè é kí ẹ tó yọ ọ̀bẹ: ọwọ́ rẹ̀ mọ àwọ̀n náà ju tiyín lọ, ojú ibì kan tàbí méjì tó já ṣeé dì, àmọ́ èyí tí ẹ bá gé láàárín ti lọ nìyẹn. Bí ó bá di dandan kí ẹ gé e, ẹ gé okùn orí rẹ̀ níbi tó súnmọ́ pùròpẹ́là jù, kí ẹ so èyí tó kù mọ́ ike kó má bàa rì. Owó àwọ̀n náà, ìdúnàádúrà ni, ọ̀dọ̀ olórí apẹja ní ẹbúté ló sì ti máa ń rọrùn jù, torí pé òun mọ iye tí wọ́n ń ta àwọ̀n lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn.